Bí kíláàsì yín bá ń lọ bá Jámánì sọ̀rọ̀, ẹ má fi Yorùbá sílé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan lágbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Jámánì kọ̀wé sí wa pé àwọn fẹ́ kí kíláàsì tiwọn àti tiwa di ọ̀rẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ máa fi àṣà àti èdè han ara wọn. Pírínsípà wa gbé e fún mi nítorí pé ọ̀rọ̀ àṣà ni. Ọmọ mẹ́rìndínlógójì ló wà ní JSS 2 tí mo fẹ́ lò. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́, iná kì í dúró, fóònù tèmi nìkan ló sì ní data. Olùkọ́ tọ̀hún ní kí gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí á sì fi ìpàdé fídíò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ọmọ wa á dà bí aláìní lójú wọn. Mi ò sì rí ibi tí Yorùbá tí mo ń kọ́ wọn máa wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n gbà á? Bí mo bá gbà á, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ gbà á, olùkọ́ mi. Àmọ́ ẹ má gbà á bí wọ́n ṣe gbé e wá yẹn. Ohun méjì ni kí ẹ bá wọn yí padà kí ẹ tó fèsì: kí èdè má jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí fídíò má sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé olùkọ́ tọ̀hún ní èrò burúkú sí yín. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì dùn mí dòní.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, ní ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú Adó, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi múra fún ìpàdé fídíò. Àwọn ọmọ wọ aṣọ òkè, a kó ìlù wá. Bí àkókò ṣe tó, iná lọ. A gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn fèrèsé, ariwo rẹ̀ sì bo ohùn mọ́lẹ̀. Ojú ọmọ mẹ́ta péré ló ń hàn nínú fóònù, àwọn yòókù ń na ọrùn lẹ́yìn. Ọmọ kan lọ́hùn-ún béèrè bóyá a máa ń pàdé kìnnìún lọ́nà ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ mi dákẹ́ lọ gbári. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ fóònù, tó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi fóònù kan ránṣẹ́ sí òun. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn tọ̀hún kọ̀wé pé àwọn ti ń kó aṣọ tí kò bá àwọn ọmọ wọn mu mọ́ jọ láti fi ta wá lọ́rẹ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí àwọn ọmọ mi tún lè kọ́ wọn mọ́. Ẹni tí a ń fún ni nǹkan ni wọ́n ti dà.

Mo rò ó títí. Ọmọ tó tọrọ fóònù kọ́ ni mo dá lẹ́bi. Nínú gbogbo ohun tí a gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹyọ kan tí àwọn ọmọ yẹn nílò lọ́wọ́ wa. Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ, kì í ṣe tiwa, kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀rọ tó dáa, ọwọ́ wọn ló wà. Ìbéèrè, àwọn ló ń bi wá. A dé ọjà pàṣípààrọ̀ láìru igbá. Ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mẹ́rin kọ́ ló máa sọ àwọn ọmọ yín di aláìní. Ohun tó lè sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n lè rù lọ.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì látilẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1920, olùkọ́ kan ní abúlé Bar-sur-Loup nílẹ̀ Faransé, Célestin Freinet, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré wọ kíláàsì rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń tẹ ohun tí wọ́n kọ nípa ìgbé ayé wọn, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní Trégunc, létí òkun Brittany. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀. Ní 1988, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ New York àti ní Moscow bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe é, nígbà tí ìjọba wọn ṣì ń fi ojú ọ̀tá wo ara wọn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ iEARN, tó ń so ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ káàkiri ayé, ti jáde. Ní 2005 ni àwọn ará Yúróòpù dá eTwinning, ètò ìbádọ́rẹ̀ẹ́ kíláàsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tiwọn. Freinet kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ẹ̀yin ní mẹ́rin.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni ètò kan tí Gilberte Furstenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà, ní 1997. Cultura ni wọ́n pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ Faransé wà ní apá kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Faransé wà ní apá kejì. Ẹni tó bá gbọ́ ètò yìí á rò pé ará Amẹ́ríkà á máa kọ Faransé kó lè mọ̀ ọ́n kọ. Rárá o. Oníkálukú ń kọ èsì tirẹ̀ ní èdè tirẹ̀. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé èdè ẹni lèèyàn fi ń sọ̀rọ̀ dé ìdí, kò ní máa pa ọ̀rọ̀ jẹ nítorí pé kò mọ bó ṣe máa pè é. Ohun tó bá sì kọ á di ìwé tí ẹnì kejì lè fi kọ́ èdè náà lọ́wọ́ onílé. Wọ́n fún wọn ní gbólóhùn tí kò tíì parí, irú bíi “Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ tó…” tàbí “Aládùúgbò rere ni ẹni tó…”, wọ́n wá to èsì ìhà méjèèjì síra wọn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn wá ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, kí wọ́n sì bi ara wọn ní ìdí rẹ̀.

Ẹ máa sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ń kọ́ èdè ara wọn, pé kò sí ọmọ Jámánì tó gbọ́ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ yín á kọ gbólóhùn rẹ̀ ní Yorùbá, ẹ ó jọ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nínú kíláàsì, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ Jámánì á kọ tirẹ̀ ní èdè Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì á wà nísàlẹ̀ tirẹ̀ náà. Afárá ni Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ́lé sórí afárá. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí sílébọ́ọ̀sì wa ń pe iṣẹ́ yẹn: aáyan ògbufọ̀. Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ wà níbẹ̀, àròkọ alápèjúwe wà níbẹ̀, àṣà ìkíni wà níbẹ̀. Ẹ ò ní nílò àsìkò tuntun kankan lórí tábìlì àkókò. Iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló kàn ní ẹni tó máa kà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ì bá bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, you, ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bá Kábíyèsí sọ̀rọ̀, òun náà ló fi ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Yorùbá ní “ìwọ”, ó ní “ẹ̀yin”. Èdè Jámánì náà ní méjì: du fún ẹni tó sún mọ́ni, Sie fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún tàbí tí a kò mọ̀ rí. Inú àwọn ọmọ yín á dùn láti gbọ́ pé òyìnbó náà ní “ẹ̀yin” tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa gbóná, nítorí ọmọ Jámánì ń sọ Sie fún olùkọ́ rẹ̀, àmọ́ du ló ń sọ fún ìyá rẹ̀, fún bàbá rẹ̀, títí kan ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ yín á pariwo. Wọ́n á ní àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò lẹ́kọ̀ọ́.

Kí ẹ rọra rán wọn lọ sílé, kí wọ́n lọ tẹ́tí sí ìyá àgbà wọn. Nínú ẹ̀ka èdè Èkìtì bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, èèyàn lè lo ọ̀rọ̀ ẹyọ, irú bíi “ìwọ”, fún ẹni tó jù ú lọ láìsí àrífín kankan níbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni ọ̀wọ̀ ń gbà: ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, oríkì, bí a ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ tó bá gbọ́ ọ lè sọ pé ọmọ Èkìtì kò mọ àgbà. Ohun tí àwọn ọmọ yín fẹ́ sọ sí ọmọ Jámánì gan-an ni àwọn ẹlòmíràn ti ń sọ sí àwọn bàbá wọn tipẹ́. Bí ọmọ ọdún méjìlá bá rí èyí fúnra rẹ̀, ó ti rí ohun tí ọdún mẹ́ta ìwé kíkà lè má fi hàn án. Kò sì lè rí i bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá jẹ́ you.

Ìkíni náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbìyànjú láti túmọ̀ “ẹ kú ìjókòó”, “ẹ kú ìnáwó”, “ẹ kú ewu”. Wọ́n á rí i pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ilé fún un. Kí wọ́n wá bi àwọn ọ̀rẹ́ wọn bóyá èdè Jámánì ní. Ó ní díẹ̀: ẹni tó ń kúrò níbi iṣẹ́ lè gbọ́ “Schönen Feierabend” lẹ́nu ẹni tó ṣẹ́kù, ìkíni fún àkókò tí iṣẹ́ parí. Lọ́sàn-án, lágbo oúnjẹ, wọ́n lè kí ara wọn ní “Mahlzeit”. Àwọn ará àríwá wọn ń kíni ní “Moin” láàárọ̀ títí dalẹ́, àwọn ará gúúsù ń sọ “Grüß Gott”. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn náà ní ẹ̀ka èdè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín sọ “ulé” àti “uṣu” fún wọn láìtijú, kí wọ́n sì ṣàlàyé ìdí tí orúkọ àdáni ìpínlẹ̀ wa fi jẹ́ Ilé Uyì, tí kò jẹ́ Ilé Iyì. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń fi Èkìtì ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì tó di ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ ń wá lọ́jọ́ tí a ń gba ohùn sílẹ̀, nítorí òun ló mọ bí àgbà ṣe ń pè é.

Ohun kan tún wà tó máa dùn mọ́ yín gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ Yorùbá. Láti 2013 ni Google Translate ti ní Yorùbá, àwọn ọmọ Jámánì á sì lò ó, ẹ fẹ́ tàbí ẹ kọ̀. Bí ọmọ yín bá kọ “baba mi ni oko” láìfi àmì sí i, ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá oko ni bàbá náà ní, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀, tàbí ọ̀kọ̀. Ó tiẹ̀ lè sọ ọ́ di ọkọ ìyàwó. Ẹ fi gbólóhùn kan náà sínú ẹ̀rọ náà lójú wọn, lẹ́ẹ̀kan láìsí àmì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àmì. Ọdún mélòó lẹ ti fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi àmì sórí ọ̀rọ̀? Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á fi í sí i. Pátákó ìtẹ̀wé Google lórí fóònù Android ní Yorùbá, ó ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ẹ lọ ṣí i nínú ètò fóònù yín lónìí.

Ní ti fídíò, ẹ jẹ́ kó di ìparí, bóyá lóṣù kẹta ètò náà, fún ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí àwọn ọmọ ti mọ orúkọ ara wọn. Ẹ fi ohùn bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìṣẹ́jú kan tí a gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp kì í tó MB kan, fídíò ojúkojú a sì máa jẹ data bí iná ṣe ń jẹ koríko ọ̀gbẹlẹ̀. Ohùn kò sì ní kí iná wà ní aago mẹ́wàá géérégé: ẹ lè gbà á lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí iná bá dé, kí wọ́n gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ tó ń tijú lè gbà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọmọ mẹ́rìndínlógójì, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà. Ẹgbẹ́ méjì lọ́sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á kárí gbogbo wọn. Àwọn yòókù á máa kọ̀wé lórí pépà, ẹ ó sì fi fóònù ya àwòrán ìwé náà. Ìkọ̀wé ọwọ́ ọmọ dùn-ún wò ju lẹ́tà kọ̀ǹpútà lọ, àwọn ọmọ tọ̀hún á sì rí i pé ènìyàn ló kọ ọ́.

Àkókò tó dára jù fún yín ni táàmù kejì. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn Oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn Oṣù Kẹta, aago kan náà ni Nàìjíríà àti Jámánì ń lò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi wákàtí kan ṣáájú wa. Ẹ béèrè ọjọ́ ìsinmi wọn kí ẹ tó dá ọjọ́ kankan, nítorí ìpínlẹ̀ 16 ló wà ní Jámánì, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìbílẹ̀ 16 ṣe wà ní Èkìtì, àwọn ìpínlẹ̀ yẹn kì í sì í gba ìsinmi lọ́jọ́ kan náà. Nígbà kan, ilé ẹ̀kọ́ tí a jọ ń ṣe dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ mi sì ti gbà pé wọ́n ti kọ̀ wá sílẹ̀. Ìsinmi ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n gbà. Ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ti béèrè, a kò béèrè.

Kí ni kí wọ́n máa sọ? Ẹ má fi “Àṣà Yorùbá” ṣe àkòrí. Bí ẹ bá fi í ṣe é, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n á kọ wá, ọmọ Jámánì náà á sì kọ ti ọbẹ̀ àti bọ́ọ̀lù. Ẹ mú ohun kékeré. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ohùn aago mẹ́fà àárọ̀: kí ọmọ kan gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, láìsọ̀rọ̀. Àkùkọ, ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kadà tó ń gbóná, ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ láìsàlàyé, kí àwọn tọ̀hún kọ ohun tí wọ́n rò pé àwọn gbọ́. Kí tiwọn náà dé. Ìgbà tí mo ṣe èyí, odindi wákàtí kan làwọn ọmọ mi fi jiyàn lórí ìró kan. Reluwé inú ìlú ni, wọ́n sì ń sọ pé ẹ̀rọ ìlọta ni. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí kíláàsì tó ń gbọ́ nǹkan pẹ̀lú gbogbo ara.

Àlọ́ àpamọ̀ náà dára púpọ̀, ó kúrú, ó sì ń fẹ́ èsì. “Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kan ọ̀run.” Kí wọ́n máa wá a fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó sọ pé òjò ni. Àwọn náà ní tiwọn. Bí ẹ bá rí ọ̀nà lọ sí Ìkògòsì, ẹ mú ẹ̀rọ ìwọn-ooru dání, kí àwọn ọmọ wọn omi gbígbóná, kí wọ́n wọn omi tútù, kí wọ́n wọn ibi tí méjèèjì ti pàdé. Jámánì náà ní omi gbígbóná tirẹ̀ ní Baden-Baden. Ẹ má gbàgbé gbólóhùn tí kò parí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. “Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́” nìkan tó iṣẹ́ oṣù kan.

Ọ̀rọ̀ àìní tí ẹ sọ, mo mọ̀ pé òun ló ń gbé yín lọ́kàn jù. Ẹ má kọ́ àwọn ọmọ láti fi ohun tí wọn kò ní pamọ́. Ọmọ tó ń pọn omi kó tó lọ ilé ẹ̀kọ́, kó sọ bí ó ṣe ń pọn ọ́, ibi tó ti ń pọn ọ́, ẹni tí wọ́n jọ ń lọ. Bí ó bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ìtàn rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ya àwòrán rẹ̀ láìsí ohùn rẹ̀, ó di ohun àánú. Kí ẹ sì bá olùkọ́ tọ̀hún ṣe àdéhùn látilẹ̀ pé kò sí ẹ̀bùn láàárín ọmọ sí ọmọ, láti ìhà méjèèjì. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ ran ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, kí àwọn ọ̀gá méjèèjì sọ ọ́ lọ́tọ̀, lẹ́yìn tí ètò bá parí. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín gbangba. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kí kíláàsì méjèèjì kọ ohun tí wọ́n rò nípa orílẹ̀-èdè ara wọn, kí ẹ dì í, kí ẹ má ṣí i títí ọjọ́ fídíò. Tiwọn á ní kìnnìún nínú. Tiwa á ní “kò sí tálákà lọ́hùn-ún” nínú. Kí oníkálukú ka tirẹ̀ sókè.

Ní ti ààbò, mi ò ní gùn ún, ṣùgbọ́n ẹ má fo èyíkéyìí. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fẹ́ kí òbí fọwọ́ sí i kí a tó lo ìsọfúnni ọmọdé. Ti Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, le gan-an. Ẹ kọ ìwé àṣẹ sí àwọn òbí ní Yorùbá, kí ẹ kà á sókè nípàdé òbí àti olùkọ́, nítorí bàbá tó fọwọ́ síwèé tí kò yé e kò tíì gbà. Kí orúkọ àkọ́kọ́ nìkan máa lọ. Kí nọ́ńbà fóònù ọmọ kankan má lọ. Kí báàjì ilé ẹ̀kọ́ má hàn nínú àwòrán. WhatsApp fúnra rẹ̀ kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, àwọn JSS 2 yín kan á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Jámánì, wọn kì í jẹ́ kí olùkọ́ fi WhatsApp ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ méjèèjì ni kí ẹ jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́: ẹ gba ohùn àti ìwé jọ, ẹ gbọ́ ọ, ẹ kà á, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ síra yín.

Pírínsípà yín, tàbí òbí kan, lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ nílò, pé àǹfààní ni wọ́n ń fi Yorùbá ṣòfò. Ẹ rán wọn létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n kọ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ tó ń túmọ̀ gbólóhùn ara rẹ̀ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, tó mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró láti kà á, ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó le ju “how are you, I am fine” lọ.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí eléyìí bá dúró, mo fẹ́ kí ẹ wo ìtòsí. Ní Kétu àti Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ọmọ wà tó ń sọ Yorùbá nílé, tí Faransé jẹ́ èdè ilé ẹ̀kọ́ wọn. Aago wọn àti tiwa kan náà ni. Olùkọ́ Faransé ilé ẹ̀kọ́ yín á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Tàbí kí ẹ kọjá òkun lọ sí Salvador da Bahia ní Bràsíìlì, níbi tí àkàrà ti di acarajé, tí òfin 10.639 ti 2003 sì ti pọn ọ́n ní dandan kí ilé ẹ̀kọ́ máa kọ́ ọmọ ní ìtàn Áfíríkà àti ìtàn àti àṣà àwọn ọmọ Áfíríkà ní Bràsíìlì. Wákàtí mẹ́rin ni a fi ṣáájú wọn, nítorí náà ọ̀sán wa ni òwúrọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ òrìṣà máa jẹ yọ níbẹ̀, kí ẹ ti bá àwọn òbí sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ má sì fi í pamọ́ fún wọn.

Lẹ́tà tí ẹ máa kọ padà, ẹ má jẹ́ kó gùn. Ẹ fi ìkíni Yorùbá kan ṣí i, kí ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sábẹ́. Ẹ sọ pé inú yín dùn láti gbà, pé ẹ fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀ ní èdè ilé rẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀ lé e, pé ohùn ni ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ nítorí iná àti data. Ẹ sọ ti iná yẹn bó ṣe rí, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ béèrè ọjọ́ ìsinmi wọn àti irú ẹ̀rọ tí ilé ẹ̀kọ́ wọn gbà láyè. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni kó jẹ́ èyí: èdè wo ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ nílé? Ìdáhùn rẹ̀ lè yà yín lẹ́nu, nítorí ní ọ̀pọ̀ kíláàsì ní Jámánì lónìí, ẹ ó bá ọmọ tó ń sọ èdè Tọ́kì, ẹ ó bá ọmọ tó ń sọ Lárúbáwá tàbí èdè Ukraine lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, tí wọn kì í sì í fi ẹsẹ̀ èdè náà wọ kíláàsì. Ẹ ní kí àwọn náà kọ tiwọn ní èdè yẹn. Bí ẹ bá ti kọ lẹ́tà náà tán, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó lọ, kí á jọ wò ó.